Ẹ Yọ Ọwọ́ Yín Kúrò Nínú Omi

Mo ti pa iyùn mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹnì kan má baà sáré wá sísàlẹ̀ níbí wá bi mí pé ta ló fi mí ṣe ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe ọ̀gá. Apayùn ni mí. Ìdí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ láti sọ nìyẹn.

Thread yìí máa gùn o. Ẹ wá ibì kan fìdí lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò kan tó ń gbé ní Birmingham fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi nínú DM. Mo mọ táńkì náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló ti gbé e jáde síbí: gíláàsì tuntun tó ń dán yinrin, iyanrìn funfun báláú, Acropora mẹ́fà lórí òkúta, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan elésè-àlùkò, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó pọ́n bí ẹyìn. Gbogbo wa la pariwo. Èmi pàápàá tẹ iná mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé táńkì yẹn ò tíì pé oṣù kan tí wọ́n da omi sí i. Àmọ́ fọ́tò náà dùn ún wò, mo bá tẹ iná, mo bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti funfun. 290 pọ́n-ùn ló ná lé wọn lórí. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n á padà jí?"

Mo fẹ fọ́tò náà tóbi. Funfun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ iyùn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sìn ín mọ ìyàtọ̀ wọn. Funfun kan wà tó jẹ́ pé ẹran ara ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ ló lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó ṣì rí àwọn ẹnu kéékèèké tó ń yọ síta. Ìyẹn ń ṣàìsàn, ebi ń pa á, àmọ́ ó wà láàyè, ó sì lè bọ̀ sípò tí nǹkan bá rọlẹ̀ fún un. Funfun kejì ni ti egungun. Kò sí ẹran kankan lára ẹ̀ mọ́. Láìpẹ́, nǹkan aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lé e lórí, bíi èyí tó ń hù lára ògiri kànga.

Ti àbúrò mi ti ń hù.

Mo dá a lóhùn pé rárá, wọn ò ní jí. Ni mo bá jókòó, tí ojú ń tì mí nítorí iná mẹ́ta yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí ò mọ ohun tí à ń sọ sọ̀rọ̀ ná. Bí mo bá ní iyùn, mo mọ ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ yín: ti ọrùn ìyàwó, ti ọrùn ọba. Màmá mi ní Ìbàdàn náà rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi táńkì mi hàn wọ́n lórí WhatsApp, wọ́n ní, "Iyùn? Iyùn tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni ìwọ wá ń bọ́ lóúnjẹ?" Wọn ò jìnnà sí òótọ́. Iyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, egungun ẹ̀dá inú òkun ni, láti Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n sì ti ń wa èyí tó gbayì láti ayébáyé. Àmọ́ ìdílé tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu kọ̀ọ̀kan lára iyùn ìlẹ̀kẹ̀ ní ọwọ́ mẹ́jọ. Ti àwọn iyùn olókùúta tí mò ń sọ yìí, mẹ́fà-mẹ́fà lọwọ́ wọn ń lọ. Màmá mi gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán, wọ́n ní, "Ẹja wo lo wá máa rí jẹ níbẹ̀?"

Ẹranko ni iyùn. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tèmi dúró lé. Ẹ̀ka Acropora kan tó gùn tó ìka ọwọ́ yín, ẹnu tó wà lára ẹ̀ pọ̀ gan-an, gbogbo wọn so mọ́ra wọn nípasẹ̀ ẹran tín-ín-rín kan tó bo egungun bí awọ ṣe ń bo ọsàn. Nínú ẹran yẹn làwọn ohun abẹ̀mí kan ń gbé tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe é, wọ́n á sì fún onílé nínú ẹ̀, bí ẹni ń san owó ilé. Iyùn náà á máa fa calcium àti carbonate inú omi, á máa fi mọ egungun ara ẹ̀ bí ẹni ń mọ ilé, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, tó gùn ju 2,000 kìlómítà lọ, bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí bíríkì. Ẹnu tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló ṣe é.

Ibi tí ẹ̀dá yìí ti wá, omi ibẹ̀ kì í ṣàdédé yí padà. Calcium inú omi òkun wà ní nǹkan bíi 420 mílígíráàmù nínú lítà kan. Magnesium ń sún mọ́ 1,300. Alkalinity, tó máa ń sọ fún wa bí ohun ìkọ́lé tí iyùn nílò ṣe pọ̀ tó nínú omi, wà ní nǹkan bíi 7 dKH. Lónìí bẹ́ẹ̀, lọ́la bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀la bẹ́ẹ̀. Òkun tóbi débi pé kò sí ohun tẹ́ ẹ lè bù ní ṣíbí sí i kó mọ̀ pé ẹnì kan dé. Táńkì tèmi ńkọ́? Tí a bá yọ òkúta àti iyanrìn kúrò, 150 lítà omi ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo bá bù ní ṣíbí sínú ìyẹn, ó máa mọ̀.

Ó mọ̀ dáadáa.

Ilé rẹ́ǹtì ni mò ń gbé ní Peckham, àjà kejì. (Tí lánlọ́ọ̀dù mi bá ń ka èyí: ẹja wúrà méjì péré ni mò ń sìn, sà.) Táńkì mi ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà tí mò ń sọ yìí. Alkalinity wà ní 7.2, ó sì ti wà níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko. Iyùn mọ́kànlá ni mo ní. Wọn ò sáré dàgbà, àmọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka wọn funfun díẹ̀, bó ṣe máa ń rí tí ẹ̀ka bá ń gùn sí i. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wo fídíò ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tí táńkì ẹ̀ dà bí àlá. Àwọ̀ lóríṣiríṣi, ẹ̀ka nínú ẹ̀ka. Ó ní 9.5 lòun máa ń jẹ́ kí alkalinity òun wà. Mo wo tiẹ̀, mo wo tèmi. Tèmi ò wù mí mọ́.

Mo dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo bu sódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, ṣíbí tíì kan, mo pò ó mọ́ omi, mo rọra dà á sí táńkì. Lọ́jọ́ kejì mo da ṣíbí kejì sí i. Ká ní mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n, kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá lọ. Mo dán omi wò: 9.5. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó yege JAMB. Kò wá tán síbẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo tún pààrọ̀ ohun tó ń fa phosphate kúrò nínú omi, mo fi tuntun sí i, phosphate bá já wálẹ̀ sí òdo. Omi tí ò pè mí, mo lọ bá a ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kẹta, ṣóńṣó ẹ̀ka wọn dà bí ohun tí iná rà. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ìsàlẹ̀, bí awọ ṣe máa ń bó lára tòmátì tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Mo gé òkè àwọn tí mo rò pé mo lè gbà sílẹ̀. Òkè náà bó. Mi ò sùn lóru ọjọ́ karùn-ún, mo kàn jókòó síwájú gíláàsì bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn, nǹkan bíi àsunmú funfun ń já kúrò lára wọn, afẹ́fẹ́ inú omi ń gbé e lọ. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti lọ. Òórùn tó gba yàrá yẹn, ẹni tó bá ti gbàgbé edé sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́ta rí ló lè mọ̀ ọ́n. Nǹkan bíi 400 pọ́n-ùn ni mo ti ná lórí wọn, ṣíbí tíì méjì sódà ló sì kó gbogbo ẹ̀ lọ.

7.2 ò burú. 9.5 náà ò burú, ẹni inú fídíò yẹn ò purọ́ fún mi. Ìrìn láti 7.2 sí 9.5 láàárín ọjọ́ méjì ni wàhálà. Àlàyé tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé tí alkalinity bá lọ sókè, egungun á fẹ́ yára dàgbà, tí oúnjẹ ò bá sì sí nínú omi, ẹran ò ní lè tẹ̀ lé egungun. Mo ti mú oúnjẹ kúrò, mo tún ní kí wọ́n máa sáré.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí bó o ṣe ń ṣe sí ìrẹsì náà nìyẹn. Láti kékeré lo ti ń ṣí ìkòkò wò, tó ò ní jẹ́ kó jinná."

Èrò tèmi nìyí o, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Ọ̀pọ̀ iyùn tó ń kú nínú ilé wa, ọwọ́ wa ló ń pa wọ́n. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan má bi mí pé, "Iná wo lẹ̀ ń lò?" Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí rí pé, "Báwo ni alkalinity yín ṣe rí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn?" Mo mọ ìdí ẹ̀. Ẹ lè ra iná lónìí kó dé lọ́la, ẹ lè ya fọ́tò ẹ̀, ẹ lè fi yangàn. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò oṣù mẹ́ta tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀, oṣù tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ni Acropora ń wá.

Ohun tí mo máa ní kí èèyàn kọ́kọ́ rà, kó tó ra ẹ̀ka kan ṣoṣo, ni ohun tí wọ́n fi ń dán alkalinity wò àti ìwé kékeré kan. Ìwé o, kì í ṣe app. Ní aago kan náà lójoojúmọ́, ẹ bu omi sínú ìgò kékeré, ẹ máa fi ṣẹ́ríńjì kán oògùn ìdánwò sí i títí àwọ̀ ẹ̀ á fi yí, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó mọ iye tí táńkì yín ń jẹ lójúmọ́. Tèmi lónìí ń jẹ 0.8 dKH lójúmọ́, torí náà pọ́ǹpù kékeré kan ń dá 0.8 padà, ó ń kán an sí i díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Tí pọ́ǹpù yẹn bá dákẹ́ nígbà tí mo lọ síbi ìgbéyàwó ní Manchester fún ọjọ́ mẹ́ta, 2.4 ti lọ nìyẹn. Omi tó wà ní 8 ti di 5.6 kí n tó dé. Ẹni tí ò bá mọ iye tí táńkì ẹ̀ ń jẹ, ó máa rò pé àwọn ẹbí bàbá òun ló ń ṣe é.

Àwọn nǹkan yòókù, kíá kíá. Omi táńkì máa ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í fẹ́ lọ, torí náà omi aláìníyọ̀ lẹ ó máa fi dí i, ojoojúmọ́, kó má di pé lọ́sẹ̀ kan ẹ da gálọ́ọ̀nù kan sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù bó ṣe wà. Ó le bí òkúta, kòlóríìnì wà nínú ẹ̀, tí páìpù ilé yín bá sì jẹ́ bàbà, bàbà lè wà nínú ẹ̀ náà, bàbà sì máa ń pa irú ẹ̀dá báwọ̀nyí. Ẹ ra ẹ̀rọ asẹ́mi. Hítà máa ń há sórí títàn nígbà míì, á sì se gbogbo ohun tó wà nínú táńkì, nítorí náà ẹ lo kékeré méjì dípò ńlá kan, kí ohun mìíràn sì wà tó lè pa á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dídúró, èyí tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Oṣù mẹ́sàn-án. Èrò tèmi ni pé kí táńkì pé oṣù mẹ́sàn-án, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó fi Acropora sí i. Òkúta tuntun ò tíì ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ìdọ̀tí di nǹkan tí ò léwu, phosphate ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, omi ò tíì mọ ara ẹ̀. Ẹ fi iyùn rírọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ẹ fi Montipora sí i. Olókùúta lòun náà, àmọ́ ó ní ìfaradà díẹ̀ jù ú lọ. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ń dun àwọn èèyàn. Oṣù mẹ́sàn-án náà ni wọ́n fi gbé gbogbo yín, ẹ ò sì kú sínú ẹ̀.

Ẹnì kan máa wá sọ fún mi báyìí pé òun mọ ẹnì kan tó fi Acropora sínú táńkì ọlọ́sẹ̀ méjì tó sì dàgbà. Òótọ́ ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá bi ẹni yẹn dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé láti inú táńkì ọlọ́dún mẹ́wàá ló ti kó òkúta àti omi. Táńkì àtijọ́ nínú gíláàsì tuntun ni, ọwọ́ tó sì ń tọ́jú ẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó ń tún ilé ẹ̀ kọ́ wé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀.

Àtakò kejì ló máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní, "Ṣebí bí èèyàn ṣe ń kọ́ nìyẹn. Èyí tó kú, owó ilé-ìwé ni." Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn mọ́kànlá mi, ohun tí mo kọ síbí gan-an nìyẹn, pé mo san owó ilé-ìwé, ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ta ló san án? Mo ṣì wà níbí. Mo gba owó oṣù, mo fi ra òmíràn. Ẹ̀dá tó ti ń mọ ilé ara ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí n tó dé ló san án, kò sì bá mi forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kankan. Ká ní ajá ni, ká ní mo pa ajá mọ́kànlá nítorí pé mo fẹ́ kí irun wọn dán bíi ti ajá inú fídíò, ṣé ẹ̀ bá bá mi rẹ́rìn-ín?

Iyùn ò kígbe. Bóyá ìyẹn náà ló fà á.

Ibi tí wọ́n ti ń mú un wá náà tún wà ńbẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, láti òkun Indonéṣíà, Ọsirélíà àti irú ibẹ̀ ni. Wọ́n gé àwọn kan lára èyí tó ń gbé nínú òkun. Àwọn kan jẹ́ èyí tí àwọn ará etíkun gbìn fún títà. Gbogbo iyùn olókùúta ló wà nínú àdéhùn CITES, ní Àfikún Kejì, ẹni tó bá fẹ́ kó wọn kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé àṣẹ ò lè bá yín tọ́jú ẹ̀ tó bá délé. Òkun náà ò sì fara rọ. Great Barrier Reef funfun káàkiri ní 2016, ní 2017, ní 2020, ní 2022, ó tún funfun ní 2024. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé ìgbà kẹrin rèé tí iyùn àgbáyé ń funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru ló ń ṣe é. Tí omi bá fi ìwọ̀n kan péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ayálégbé inú ẹran yẹn á kó jáde. Àwa onítáńkì kọ́ la fa ìyẹn. Mi ò ní parọ́ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń wọ́n lọ ní ilé ẹ̀, kò yẹ ká máa fi í ṣòfò ní ilé tiwa.

Ọ̀nà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé oko rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ò nílò irúgbìn. Ẹ gé igi ẹ̀gẹ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó di òmíràn. Bákan náà ni Acropora. Ẹ gé ẹ̀ka, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, tí omi bá dúró, ó di igi tuntun. Ọkùnrin kan wà ní Berlin, ní Jámánì, Dietrich Stüber lorúkọ ẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ gbà pé Acropora ò lè gbé inú ilé èèyàn, tiẹ̀ dàgbà, ó ń gé e, ó ń pín in fún àwọn ẹlòmíì. Ẹ̀ka lára ẹ̀ka, ó rìn kọjá Jámánì, ó rìn dé Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe iyùn náà. Kò sẹ́ni tó ní láti padà sínú òkun nítorí ẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó béèrè iye tó jẹ́, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Tí wọn ò bá lè sọ, ẹ máa lọ.

Ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹlòmíì: kòkòrò pẹlẹbẹ kan wà tó ń jẹ Acropora, àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti iyùn débi pé ẹ ò ní rí i. Oògùn tí wọ́n máa ń rì í sí ń pa kòkòrò, kì í pa ẹyin ẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ka dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn tí mọ́kànlá mi kú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Horniman ní Forest Hill. Kò jìnnà sí wa. (Mùsíọ́ọ̀mù yẹn náà ló gbà ní 2022 láti dá àwọn ohun tí wọ́n kó ní Benin padà fún Nàìjíríà, kí n má gbàgbé.) Níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan tí Jamie Craggs ń darí ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Project Coral láti 2012. Nínú òkun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ Acropora máa ń tu ẹyin, lóru, lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Ní 2013, àwọn èèyàn yìí jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nínú táńkì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n fún iyùn ní ọdún kan gbáko bó ṣe máa ń rí ní ilé ẹ̀. Omi ń gbóná bó ṣe ń gbóná níbẹ̀, ọ̀sán ń gùn bó ṣe ń gùn níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi iná ṣe òṣùpá fún un, tó ń lé tó ń wọ̀. Ni wọ́n bá dúró. Ní 2019, Florida Aquarium ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lo ọ̀nà náà fún iyùn kan tó dà bí òpó, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní òkun Florida. Òun náà tu ẹyin.

Mo dúró níwájú táńkì wọn bíi wákàtí kan. Ohun tó ń jó mi lára ni ọ̀rọ̀ ìdúró yẹn. Àwọn onímọ̀ tó ní gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé ń fi ọdún kan gbáko dúró de iyùn. Èmi ò lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbé e láti 7.2 sí 7.5.

Mi ò ní tàn yín pé táńkì mi ní Peckham ń gba òkun là. Kò gba nǹkan kan là. Mo ń sìn ín nítorí pé ó rẹwà, tí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń fa àga síwájú ẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Ìyẹn ti tó fún mi, mi ò sì rò pé ó yẹ kó tó láti pa nǹkan nítorí ẹ̀.

Iyùn mẹ́jọ ni mo ní báyìí. Ọwọ́ àgbàlagbà kan ní Catford ni mo ti gba gbogbo wọn. Kó tó fún mi lẹ́ka àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ mú ìwé mi wá kóun wo nọ́ńbà oṣù mẹ́ta. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀kan nínú wọn, aláwọ̀ ewé tí ṣóńṣó ẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò, ti tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì, mo sì máa gé e lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ka márùn-ún ló máa jáde, mi ò sì tà á. Ẹni tó bá ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tó lè wá, kó bọ́ sínú DM mi. Mi ò fẹ́ rí fọ́tò táńkì yín, mi ò sì fẹ́ mọ iná tẹ́ ẹ̀ ń lò. Ìwé yín ni kẹ́ ẹ ya fún mi. Oṣù mẹ́ta.

Mo ti fi ẹ̀ka kan pa mọ́ fún àbúrò mi ní Birmingham, tó bá lè dúró. Mo ní kó fi omi sílẹ̀ bó ṣe wà, kó ra ìwé, kó máa kọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8.1. Ọjọ́rú, 8.1. Lánàá Ọjọ́bọ̀, ó fi 8.0 ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé e padà sí 8.1?"

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án."